Ẹ̀rọ Amúgundúró fún Pípọ́n Ọ̀bẹ Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni ọ̀rọ̀ òní. Kò sí ilé tí iná ń jó nínú àdògán rẹ̀ tí kò ní ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ilé tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú ní tòótọ́ kò wọ́pọ̀. Bí ìyàwó ilé bá fẹ́ gé ẹran, yóò kọ́kọ́ fi ojú ọ̀bẹ ha sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà, tàbí kí ó da àwo tánganran dé, kí ó sì fi ìdí rẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀bẹ náà yóò gé ẹran ọjọ́ náà. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti tún kújú. Bí ọdún bá yí po, wọn a sọ ọ́ nù, wọn a ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni irin tó wà nínú èyí tí wọ́n sọ nù kò tíì lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ni ó ń ṣòfò. Ọ̀bẹ tó kújú a máa ṣe ènìyàn ní jàǹbá ju èyí tó mú lọ. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi kí ó tó lè gé nǹkan. Bí ó bá wá yọ̀ lórí èèpo àlùbọ́sà tàbí lára egungun, gbogbo agbára tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò bá a lọ sórí ìka. Ọ̀bẹ tó mú kò béèrè irú agbára bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá tọ́ka rẹ̀ sí ni ó ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ oúnjẹ sísè ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ogún ọmọ sì ń gé ẹ̀fọ́ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Kí ni à ń pè ní mímú gan-an? Ojú ọ̀bẹ ni ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin ti pàdé. Bí wọ́n bá pàdé ṣánṣán, tí kò sí àyè láàrin wọn, ọ̀bẹ mú. Bí ibi ìpàdé náà bá ti rí róbótó, tàbí tí ó ti tẹ̀ sí apá kan, ọ̀bẹ kújú. Nígbà tí a bá gbé ọ̀bẹ lé òkúta ìpọ́nbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbé sókè díẹ̀ kúrò lára òkúta. Àyè tó ṣí sílẹ̀ láàrin ara ọ̀bẹ àti ojú òkúta ni igun, dígírì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀bẹ ìdáná tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù a máa gba nǹkan bí 20 dígírì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti ilẹ̀ Japan a máa sún mọ́ 15. Àdá tó ń bá igi jà lè gbà tó 25 sí 30. Bí igun bá ṣe kéré tó ni ọ̀bẹ ṣe ń wọlé tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ ṣe ń tètè tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́. Ẹni tó bá pọ́n àdá bí ẹní pọ́n ọ̀bẹ ẹja yóò kábàámọ̀ ní ìdí igi àkọ́kọ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ọwọ́ ẹ̀dá kì í dúró lójú kan. Bí ó bá lọ ní 20 dígírì, ó lè padà ní 26, kí ẹ̀kẹta jẹ́ 17. Nínú gbogbo ìṣípòpadà yìí, ìgbà tí a gbé ọ̀bẹ ga jù ni ó ń ba iṣẹ́ àwọn yòókù jẹ́, nítorí ṣóńṣó ojú ọ̀bẹ gan-an ni òkúta ń fà yún nígbà náà. Èyí ni ó fà á tí ènìyàn lè fi wákàtí kan pọ́n ọ̀bẹ, kí ó má sì mú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Alágbẹ̀dẹ àti alápatà ti borí ìṣòro yìí nípa ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ wọn ti di òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n olùkọ́, akọ̀wé àti ìyàwó ilé kò ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ láti fi sílẹ̀ fún ọ̀bẹ nìkan.

Àwọn mìíràn a máa gbé ọ̀bẹ wọn lọ fún ẹni tó ní òkúta oníná tí ń yí gbirigbiri. Bí onítọ̀hún bá mọ iṣẹ́, tí ó sì ń fi omi tu irin lára, kò burú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, iná a máa ta pàrà, etí ọ̀bẹ a sì di àwọ̀ aró. Nígbà tí irin bá ti di àwọ̀ aró, ooru ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 300 dígírì Sẹ́ṣíọ̀sì. Líle tí ẹni tó rọ ọ̀bẹ fi iná àti omi sí i ti dínkù níbẹ̀, kò sì sí pípọ́n tó lè dá a padà. Àfi kí a lọ ibi tó jóná náà dànù títí a ó fi kan irin tó ṣì le.

Kí wá ni ṣíṣe? A lè dáhùn ìbéèrè yìí bí a bá wo abẹ ìfárùngbọ̀n tí ń ká pọ̀, irú èyí tí wọ́n mọ ìlú Solingen ní Jámánì àti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Onígbàjámọ̀ tó ń pọ́n ọn kì í wọn igun kankan. Ó kàn tẹ́ abẹ náà pẹrẹsẹ lórí òkúta, kí ẹ̀yìn àti ojú rẹ̀ jọ kan òkúta pọ̀. Ìnípọn ẹ̀yìn abẹ ni ó ti pinnu igun fún un. Ọ̀bẹ ìdáná kò ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, nítorí náà a ní láti wá ohun mìíràn tí yóò bá a mú igun dúró. Ohun náà ni ẹ̀rọ amúgundúró.

Apá márùn-ún ni ẹ̀rọ yìí ní. Èkíní ni ẹ̀mú, tí ó di ọ̀bẹ mú láti ẹ̀yìn, tí ojú ọ̀bẹ sì kọ sí ìta. Èkejì ni òpó, irin tó dúró lóòró lẹ́yìn ẹ̀mú. Ẹ̀kẹta ni ojúhò tó wà lára òpó, tí a lè gbé sókè tàbí kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú ojúhò náà kọjá. Ẹ̀karùn-ún ni òkúta ìpọ́nbẹ tí a so mọ́ ọ̀pá yìí, tí ó sì sùn lé ojú ọ̀bẹ. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ti òkúta lọ, tí ó sì ń fà á bọ̀, ojúhò kò jẹ́ kí ọ̀pá lọ sókè tàbí sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, òpó ń ṣọ́ igun.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú ilé kò nílò ohun tó ṣọ̀wọ́n. Pákó líle kan tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ tó 15, ni yóò jẹ́ ìpìlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì àti bóòtì méjì ni yóò di ẹ̀mú. Òpó lè jẹ́ ọ̀pá irin tí wọ́n gé ojú bóòtì sí láti òkè dé ilẹ̀, kí nọ́ọ̀tì kan wà lókè ojúhò, kí òmíràn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí owó òkúta, sánpépà olómi tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ ń lò wà lọ́jà. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé gíláàsì tó tẹ́jú, èyí tí a ti fi òkúta pa etí rẹ̀ kí ó má baà gé ni lọ́wọ́, iṣẹ́ dé. Àwọn baba ńlá wa pẹ̀lú lo ewé èépín láti dán igi gbígbẹ́. Ìlànà kan náà ni.

Kí a wá wo ìṣirò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àǹfààní olùkọ́ wà. Kí ọ̀bẹ sùn gbọọrọ nínú ẹ̀mú. Kí a wọn ọ̀nà tó wà láti ojú ọ̀bẹ dé ìsàlẹ̀ ojúhò ní ìbú. Ká ní 200 mìlímítà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ tánjẹ́ǹtì yóò rí i pé ti 20 dígírì jẹ́ 0.364. Bí a bá fi sọ 200 di púpọ̀, a ó rí 72.8. Ìyẹn ni pé ojúhò gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 73 mìlímítà ga ju ojú ọ̀bẹ lọ. Fún 15 dígírì, yóò jẹ́ nǹkan bí 54. Fún 25, yóò jẹ́ 93. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì parí níbẹ̀. Àárín ọ̀pá kì í bá ojú òkúta dọ́gba. Bí ojú òkúta bá fi mìlímítà 10 wà nísàlẹ̀ àárín ọ̀pá, a ó pín 10 yẹn pẹ̀lú kósáìnì 20 dígírì, tí í ṣe 0.94, a ó rí 10.6. Bí a bá fi kún 72.8, ojúhò yóò wà ní 83.4 mìlímítà. Ẹni tó bá gbàgbé apá kejì ìṣirò yìí yóò rò pé 20 ni òun ń pọ́n, nígbà tí kò tilẹ̀ tó 18.

Ibí yìí ni a ti lè mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ gbọ́ láìwádìí. Ẹ̀rọ kékeré tí ilé-iṣẹ́ Lansky ti Amẹ́ríkà sọ di mímọ̀ ní ihò mẹ́rin, tí wọ́n kọ 17, 20, 25 àti 30 sí. Ìwọ̀n yìí kò lè jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ ju èkejì lọ, ojú rẹ̀ yóò jìnnà sí ojúhò jù ú lọ, igun yóò sì dínkù. Nínú àpẹẹrẹ tí a ti ṣe yìí, bí a bá fi ọ̀bẹ tó fi 20 mìlímítà fẹ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ sínú ẹ̀mú, tí a kò sì fọwọ́ kan ojúhò, 20 dígírì yóò di nǹkan bí 18. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a fi kálàmù aláwọ̀ dúdú kun ojú ọ̀bẹ láti ìdí dé ṣóńṣó, kí a sì fi òkúta kàn án lẹ́ẹ̀mejì péré. Bí àwọ̀ bá kúrò lápá òkè nìkan, tí ó ṣẹ́kù sí etí, igun ti kéré jù. Bí ó bá kúrò ní etí nìkan, igun ti tóbi jù. Bí ó bá kúrò délẹ̀délẹ̀, a ti rí igun tí ẹni tó ṣe ọ̀bẹ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò lè yẹ ara rẹ̀ wò. Ojú ènìyàn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti dúró, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà mú un dára sí i. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a pa mìmì rẹ̀. Bí ojúhò bá fẹ̀ ju ọ̀pá lọ, ọ̀pá yóò máa jó nínú rẹ̀. Mìlímítà kan péré ní ojúhò, nígbà tí ojú ọ̀bẹ jìnnà tó 200, tó ìdá mẹ́rin dígírì kan, kò sì sí ìdí tí a ó fi fàyè gbà á. Irin olórí róbótó tí ń yí nínú ilé rẹ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì ṣùgbọ́n tí ó kéré tí ó sì ní ihò láàrin, ni ó dára jù níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì kan ìnípọn òkúta. Láti inú òkúta gbàgìdì bọ́ sí èyí tó kúnná, bí ọ̀kan bá fi mìlímítà 5 nípọn ju èkejì lọ, igun yóò fi dígírì kan àti díẹ̀ yí padà. Òkúta kejì kò ní kan ibi tí àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́. Kí gbogbo òkúta jẹ́ ìnípọn kan náà, tàbí kí a tún ojúhò gbé ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ òkúta.

Ọ̀nà kẹta ni ti ṣóńṣó ọ̀bẹ. Ní ibi tí ojú ọ̀bẹ bá gún régé, igun kì í yí padà bí òkúta bá lè yí fàlàlà lórí ọ̀pá rẹ̀. Ibi tí ojú ọ̀bẹ ti ń ká lọ sí ṣóńṣó ni ìṣòro wà. Bí a bá di ọ̀bẹ mú lẹ́bàá ìdí, ṣóńṣó yóò jìnnà sí ojúhò jù, ojú rẹ̀ yóò sì fẹ̀ ju ti ibi tó kù lọ. Kí a máa sún ọ̀bẹ síwá sẹ́yìn nínú ẹ̀mú, kí a sì máa fi kálàmù dúdú yẹ̀ ẹ́ wò, títí ṣóńṣó àti àárín yóò fi bára mu. Bí a bá ti rí ibẹ̀, kí a lẹ bébà kékeré kan mọ́ ara ọ̀bẹ láti fi ṣàmì, nítorí pé ibẹ̀ náà ni yóò padà sí nígbà tí a bá yí i síhà kejì.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ààbò. Kí a fi awọ tẹ́ ẹnu ẹ̀mú kí ó má baà ha ọ̀bẹ lára. Kí a fi igi tẹ́ńbẹ́lẹ́ gbé ọ̀bẹ ẹja ró nísàlẹ̀, nítorí pé ó fẹ́lẹ́, a sì máa tẹ̀ bí òkúta bá kàn án. Kí a de pákó ìpìlẹ̀ mọ́ tábìlì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìdènà kan wà lára ọ̀pá tí kò ní jẹ́ kí òkúta fò kọjá etí ọ̀bẹ. Bí òkúta bá fò, tí ọwọ́ sì tẹ̀lé e bọ̀, orí ojú ọ̀bẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni ọwọ́ yóò bọ́ sí.

Iṣẹ́ gan-an kò gùn. Òkúta gbàgìdì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. A kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí ìwúwo òkúta fúnra rẹ̀ ṣe é. A ó máa pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan títí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bí irun yóò fi yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣóńṣó. Bí a bá fi ìka fà á láti ara ọ̀bẹ lọ sí ìta, kì í ṣe láti ìta wọlé, kì í sì ṣe gba ojú rẹ̀ lọ, a ó mọ̀ ọ́n lára. Irun irin yìí ni ẹ̀rí pé òkúta ti dé etí pátápátá. Ẹni tó bá yí ọ̀bẹ padà kí irun tó yọ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, kò sì sí òkúta kúnnákúnná tó lè bá a parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà, a ó sì bọ́ sí òkúta tó kúnná jù. Bí sánpépà ni a bá ń lò, a lè lo 240, kí a tẹ̀lé e pẹ̀lú 400, 800 àti 1200. Fífà ni a ó máa fà á kúrò ní ojú ọ̀bẹ, a kò ní tì í kọjú sí i, kí ọ̀bẹ má baà fa bébà ya. Ní ìparí, a ó fi bẹ́líìtì aláwọ nù ún, kí irun tó ṣẹ́kù lè bọ́. Ọ̀bẹ tó bá gé bébà ìròyìn láìfà á ya, tí ó sì wọ èèpo tòmátì láìtẹ̀ ẹ́, ti mú.

Kí a má parọ́, ẹ̀rọ yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò wúlò fún ọ̀bẹ eléyín bí ayùn. Kò rọrùn fún àdá gígùn, àgbẹ̀ kò sì lè gbé e lọ sí oko. Kò lè wo irin tó ti jóná sàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń gé ẹran lórí àwo tánganran, tàbí ẹni tó ń da ọ̀bẹ pọ̀ mọ́ ṣíbí nínú ọpọ́n ìfọbọ́. Pákó ni ọ̀bẹ fẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń bèèrè. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá ń ṣọ́ igun, ọwọ́ kò ní kọ́ ohunkóhun. Ọmọ tó yẹ kí ó jókòó ti alágbẹ̀dẹ fún ọdún púpọ̀ yóò kàn máa yí nọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ alápatà kò sí nínú ìwé kankan, bí kò bá sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò bá a wọ ilẹ̀. Àwọn tó wà ní apá kejì sì dáhùn pé ẹni tó ń fi rúlà fa ìlà kò tíì gbàgbé bí a ti ń kọ̀wé. Wọ́n ní ọmọ tí kò rí ọ̀bẹ mímú rí kò lè mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti fi irun irin hàn án, tí ó ti fi ìka kàn án, tí ó sì ti rí bí àwọ̀ kálàmù ti ń kúrò, ó ti ní òṣùwọ̀n tí yóò fi dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́jọ́ nígbà tí ó bá mú òkúta lásán.

Òtítọ́ wà ní apá méjèèjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ ní ìdúróṣinṣin tí ọwọ́ kò ní. Ọwọ́ ní òye tí ẹ̀rọ kò ní. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, tí ètò 6-3-3-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ara ohun tí wọ́n lépa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìwé, kí ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀rọ púpọ̀ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ nílò wọ́n lówó. Ẹ̀rọ amúgundúró kò wọ́n. Pákó kan, bóòtì díẹ̀ àti sánpépà ti tó kí kíláàsì kan fi kọ́ tánjẹ́ǹtì, kí wọ́n fi kọ́ ohun tí ooru ń ṣe sí irin, kí ọ̀bẹ ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ náà sì mú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣìrò tí kò gún, ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún un.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ìṣirò àti olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ jọ jókòó, kí wọ́n ṣe ẹyọ kan. Kí wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí wọn yóò máa kọ orúkọ ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan sí, pẹ̀lú ìjìnnà rẹ̀ sí ojúhò, gíga ojúhò, àti ibi tí ẹ̀mú ti dì í mú, kí ẹni tó bá tún fẹ́ pọ́n ọn lọ́la má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n pe alápatà àdúgbò wá sí kíláàsì, kí ó pọ́n ọ̀bẹ tirẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n fi kálàmù dúdú kun ún, kí wọ́n sì wo igun tí ọwọ́ rẹ̀ ń mú láìwọ̀n ọ́n. Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ yóò mọ iyì ọwọ́ àgbà àti iyì ìṣirò pọ̀.